Ìbọ̀wọ́ Tí N Kò Bọ́

Ilé Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Nọ́ọ̀sì,
Yàrá Kejìlá,
Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn iṣẹ́ àárọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, mo sì kí gbogbo ilé. Ṣé ara yín ti padà bọ̀ sípò dáadáa? Ṣé bàbá ọmọ wà lálàáfíà, ṣé iṣẹ́ kò pa wọ́n jù? Ọmọ wa ńkọ́, Bàbá Àgbà tí kò tíì pé oṣù mẹ́rin, tó máa ń fajú ro bí ẹni tí ará ilé rẹ̀ kò gbọ́ràn sí lẹ́nu? Mo gbà á ládùúrà pé kí ọmú máa wọ̀ ọ́ lára, kí oorun sì máa kùn ún dáadáa. Ní tèmi, ara mi le, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀ rárá. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni oúnjẹ kò ti lọ lẹ́nu mi, àwọn tí a jọ ń gbé yàrá sì ti ń bi mí bóyá ibà ló ń ṣe mí.

Ibà kọ́ o. Ohun tí mo gbọ́ ní gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ wa lọ́jọ́ náà ló sọ mí dà báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ibi jókòó sí kí ẹ tó ka ìyókù. Bí ọmọ bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ gbé e fún bàbá rẹ̀ ná, nítorí ọ̀rọ̀ yìí kàn án, ó kàn yín, ó sì kan ìyá ọkọ yín tí a fi ọ̀rọ̀ ẹnu lé kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ẹ mọ bí nǹkan ṣe lọ nígbà náà ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ, ṣùgbọ́n mo fẹ́ fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ sílẹ̀ kí ojú lè tì mí bó ṣe yẹ. Nígbà tí ẹ bí ọmọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ṣáájú àsìkò, tí wọ́n sì gbé e wá sí wọ́ọ̀dù àwọn ọmọ tuntun níbi tí mo ti ń kọ́ṣẹ́, inú mi dùn pé ojú mi ni yóò máa wà lára rẹ̀. Ibùsùn kẹrin ni wọ́n tẹ́ ẹ sí. Ó pé ọjọ́ kẹsàn-án, ọjọ́ Ajé, ìyá ọkọ yín tún wá láti ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta èédú, wọ́n gbé ọmọ ọmọ wọn lé àyà fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì lọ. Nígbà tó máa fi di àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ara ọmọ ti gbóná, ìdodo rẹ̀ ti pọ́n, ó ti wú, kò sì fẹ́ mu ọmú mọ́. Dókítà ní kòkòrò àìfojúrí ló gba ojú ìwọ́ rẹ̀ wọ inú ẹ̀jẹ̀. Gbogbo wa la mọ ohun tí ojú wa rí fún ọjọ́ méjìlá tó tẹ̀ lé e.

Nígbà tí ẹ bi mí níta wọ́ọ̀dù pé ta ló lè kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ran ọmọ tuntun, n kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní, “Ẹ ò rí èékánná Màmá ni?” Gbólóhùn kan péré. Ẹ gbé e láti ẹnu mi, ẹ lọ pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà àbáwọlé, ẹ ní kí wọ́n má tún fi ọwọ́ kan ọmọ yín mọ́ láéláé. Mo dúró lẹ́yìn yín nínú aṣọ funfun mi bí ẹlẹ́rìí. Wọn ò bá wa jiyàn. Wọ́n kàn kó ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ ìborùn wọn bí ẹni tí a ká mọ́ ibi olè, wọ́n ní, “Bí ẹ bá ní èmi ni, ó dáa. Kí ọmọ ṣáà ti yè.” Láti ọjọ́ yẹn ni wọn ò ti fojú kàn án mọ́, bàbá ọmọ pàápàá ò sì yà sílé ìyá wọn mọ́.

Ẹ ó tún rántí arúgbó kan tó máa ń jókòó sí igun wọ́ọ̀dù wa, tó máa ń yí òwú róbótó-róbótó, tó sì ń sọ ọ́ sínú ìgò ẹlẹ́nu gbòòrò. Ẹ̀yin náà bá wọn ṣàwàdà lọ́jọ́ kan, ẹ ní òwú tí wọ́n ti yí tó kún ìrọ̀rí méjì. Màmá Òwú ni àwa akẹ́kọ̀ọ́ ń pè wọ́n. A rò pé ìyá àgbà kan tí ìjókòó ilé ti sú ni, tó wá ń fi ọwọ́ rẹ̀ ran ilé ìwòsàn lọ́wọ́. A kì í ka wíwà wọn sí. A máa ń ṣòfófó níwájú wọn, a máa ń sín ọ̀gá wọ́ọ̀dù jẹ, a máa ń na ẹsẹ̀ nígbà tí kò sí ẹni tó ń ṣọ́ wa. Wọ́n á kàn rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n á máa yí òwú wọn lọ. Mo tilẹ̀ ti gbé omi fún wọn rí, mo sì kí wọn pé, “Màmá, ẹ kú ìjókòó o,” bí ẹni tó ń ṣàánú wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe gbéra ga tó, kí ẹ lè mọ ibi tí mo ti ṣubú. Kí wọ́n tó pín wa sí wọ́ọ̀dù, wọ́n fún wa ní ìdánwò lórí ọwọ́ fífọ̀, ìbéèrè márùndínlọ́gbọ̀n. Èmi nìkan ni mo gba gbogbo rẹ̀ nínú àwa mọ́kànlélógójì. Bí ẹ bá jí mi lójú oorun, mo lè ka ìgbà márùn-ún tí nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ fọ ọwọ́ fún yín: kó tó kan aláìsàn, kó tó ṣe iṣẹ́ tí kò gbọdọ̀ ní ìdọ̀tí, lẹ́yìn tó bá fara kan ẹ̀jẹ̀ tàbí ọyún tàbí ìgbọ̀nsẹ̀, lẹ́yìn tó bá kan aláìsàn tán, àti lẹ́yìn tó bá kan ibùsùn tàbí ẹrù aláìsàn. Èmi ni wọ́n ní kí n kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì àkọ́kọ́. Mo máa ń dúró tì wọ́n nídìí ẹ̀rọ omi, màá máa pariwo pé, “Àtàǹpàkò! Ẹ ti tún gbàgbé àtàǹpàkò!” Ọ̀gá Ọṣẹ ni wọ́n sọ mí, kí n má purọ́, orúkọ náà dùn mọ́ mi nínú gan-an.

Báyìí ni wọ́n ṣe kó wa jọ sí gbọ̀ngàn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Tábìlì gígùn kan wà níwájú, wọ́n da aṣọ bo nǹkan lórí rẹ̀. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kọ́kọ́ ka èsì ìdánwò náà, ó ní ẹni tó gba máàkì tó kéré jù nínú wa gba mọ́kànlélógún, ó sì ní kí n dìde kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo dìde, mo tẹrí ba, mo tilẹ̀ tún fìlà mi ṣe. Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀kùn ṣí, tí Màmá Òwú wọlé. Aṣọ nọ́ọ̀sì àgbà ló wà lọ́rùn wọn, bẹ́líìtì àwọn ọ̀gá wà ní ìbàdí wọn, báàjì sì tò sí wọn láyà. Abẹ́rẹ́, ọ̀rẹ́ mi tó rí tín-ín-rín, di ọwọ́ mi mú, ó ní, “Jọ̀ọ́, ṣé arúgbó olówùú wa nìyẹn?” Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì! Ilé ẹ̀kọ́ ló bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá wo bí a ṣe ń fọ ọwọ́, láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa fura.

Wọ́n ká aṣọ kúrò lórí tábìlì. Ìgò òwú ló tò síbẹ̀. Wọ́n ní nígbàkúùgbà tó bá yẹ kí ẹnì kan nínú wa fọ ọwọ́, tó sì fọ̀ ọ́, àwọn á ju òwú kan sí ìgò ọ̀tún. Bí onítọ̀hún kò bá fọ̀ ọ́, àwọn á jù ú sí ìgò òsì. Ìgò kan péré ló wà lápá ọ̀tún, kò sì kún. Ní apá òsì, ìgò mẹ́ta ti kún dé ẹnu, òwú sì ti dé ìdajì ìkẹrin. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Àwa tí a gba máàkì rẹpẹtẹ! Nínú ìgbà mẹ́wàá tó yẹ kí a fọ ọwọ́, ẹ̀ẹ̀mejì péré là ń fọ̀ ọ́.

Èyí tó tún wá burú jù ni pé wọ́n ti ya àwọn ìgbà tí ọ̀gá wọ́ọ̀dù wà nítòsí sọ́tọ̀. Bí ọ̀gá bá ti wọlé báyìí, gbogbo wa la máa ń sáré dé ìdí ẹ̀rọ omi. Bó bá ti jáde, ọṣẹ á gbẹ. Màmá Òwú kò pariwo, wọn ò bú wa. Wọ́n kàn ní, “Ojú ọ̀gá lẹ̀ ń fọ ọwọ́ fún. Ọmọ tó wà lórí ibùsùn ò mọ̀ yín, kò lè fi yín sùn, ẹ ò sì bẹ̀rù rẹ̀.” Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, ṣùgbọ́n mo ṣì ń sọ fún ara mi pé kì í ṣe èmi ni wọ́n ń bá wí, nítorí èmi kì í fi ìbọ̀wọ́ ṣeré. Ìwọ̀nba ìgbà tí n kò bá fọ ọwọ́, ìbọ̀wọ́ wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń tu ara mi nínú lọ nígbà tí wọ́n ṣí ìwé pélébé kan tí wọ́n máa ń fi pamọ́ sábẹ́ òwú.

Wọ́n ní kí a gbọ́ ohun tí à ń fi ìbọ̀wọ́ ṣe, wọ́n sì kà á láìdárúkọ ẹnì kankan. Kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ tó tíì kúrò létí mi: “Ọjọ́ Àìkú, nígbà tí iṣẹ́ àárọ̀ fẹ́ parí. Akẹ́kọ̀ọ́ kan wọ ìbọ̀wọ́, ó nu eéwo abẹ́ apá ọmọ ibùsùn kẹta. Ọyún wà lára òwú tó jù nù. Kò bọ́ ìbọ̀wọ́. Ó kọjá sí ibùsùn kẹrin, ó tú ọmọ náà, ó tún ìwọ́ rẹ̀ dì, ó fi ìka kàn án ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó bá a ṣeré. Ìgbà yẹn ló wá bọ́ ìbọ̀wọ́, tó lọ fọ ọwọ́ ara rẹ̀ dáadáa. Ó fọ àtàǹpàkò méjèèjì.” Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n gbọ́ àtàǹpàkò. Ẹnì kan pe Ọ̀gá Ọṣẹ láti ẹ̀yìn, ó rò pé eré lòun ń ṣe.

Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni. Ibùsùn kẹrin ní ọjọ́ Àìkú yẹn, ọmọ yín ló wà níbẹ̀. Ọjọ́ kan ṣáájú kí ìyá ọkọ yín tó wá lọ́jọ́ Ajé ni, ọjọ́ méjì ṣáájú kí ara rẹ̀ tó gbóná. Mo di àga tó wà níwájú mi mú. Mo rántí ọ̀sán náà bí ẹni pé àná ni. Wọ́n ti fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa, mo sì ń kánjú kí n lè rí i kí n tó lọ. Mo rí i pé aṣọ tí wọ́n fi di ìwọ́ rẹ̀ ti ń tú, mo ní kí n bá a tún un ṣe. Ìfẹ́ ni. Mo ń pè é ní ọkọ mi, mo ń bá a sọ̀rọ̀, ọyún ọmọ ẹlòmíràn sì wà ní orí ìka mi. Nígbà tí mo bá a ṣeré tán, mo wá lọ fọ ọwọ́ tèmi, kí ohunkóhun má baà ran èmi. Háà! Ìbọ̀wọ́ tí mo fi ń yangàn, ara mi nìkan ni mo fi ń ṣọ́.

Mo rò pé ó ti tán, kò tíì tán. Màmá Òwú ṣí ojú ewé mìíràn, wọ́n ní àwọn kọ ti àwọn àlejò náà sílẹ̀, wọ́n sì ka ti ẹnì kan tó ya àwọn lẹ́nu: “Ìyá àgbà ọmọ ibùsùn kẹrin, eléèédú. Ó wá lẹ́ẹ̀mẹta, ó fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó kan ọmọ. Ó mú búrọ́ọ̀ṣì èékánná wá láti ilé. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ ti ẹ̀rọ omi pa. Àkókò tó fi fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan ju ti akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta lápapọ̀ lọ.” Wọ́n ní dúdú tó wà ní ẹ̀bá èékánná rẹ̀ ti di àwọ̀ ara, kì í ṣe ìdọ̀tí. Wọ́n wá pa ìwé náà dé, wọ́n ní ẹni tó mọ ọwọ́ fọ̀ jù lọ ní wọ́ọ̀dù náà láàárín oṣù kan gbáko, kò gba ìdánwò kankan rí. Gbọ̀ngàn tún bú sẹ́rìn-ín. Èmi yọ́ jáde, mo lọ dúró sẹ́yìn ilé.

Nígbà tí gbogbo ènìyàn lọ tán, mo lọ bá Màmá Òwú. Inú ń bí mi, ẹ gbà mí gbọ́, inú ìtìjú ni ìbínú náà ti ń wá. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n fi jókòó tẹtẹrẹ, tí wọ́n ń wò mí. Wọ́n ní àwọn ò jókòó. Bí mo ṣe jáde ni wọ́n ti dìde, wọ́n sọ fún ọ̀gá wọ́ọ̀dù, ọ̀gá sì fi oògùn nu ìdodo ọmọ náà lẹ́sẹ̀ kan náà, bóyá ìdí nìyẹn tí ẹ̀mí ṣe wà lára rẹ̀ lónìí. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá pè wá jọ, ó kìlọ̀ pé a kò gbọdọ̀ fi ìbọ̀wọ́ kan náà kan ọmọ méjì. Mo rántí ìpàdé náà dáadáa! Mo dúró níwájú, mo ń mi orí bí ọ̀jọ̀gbọ́n, mo ń wo Abẹ́rẹ́ pé kí ó gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Kò wá sí mi lọ́kàn pé èmi ni wọ́n ń bá wí. Màmá Òwú kò mọ̀ pé ọmọ yín ni, kò sì sí ẹni tó sọ fún wọn pé a ti rí ẹlòmíràn di ẹ̀bi rù.

Mo tún lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá wọ́ọ̀dù, nítorí mo ṣì ń wá ibi tí n ó gbà yọ. Mo ní bóyá kòkòrò ọ̀tọ̀ ni. Ó mú fáìlì jáde, ó fi ohun tí àwọn tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kọ hàn mí: irú kòkòrò kan náà ló wà nínú eéwo ọmọ ibùsùn kẹta àti nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wa. Ó jókòó, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó wá sọ pé orúkọ òun náà wà nínú ìwé Màmá Òwú lẹ́ẹ̀mẹ́rin, pẹ̀lú ogún ọdún tí òun ti fi ṣe iṣẹ́ náà. N kò mọ èyí tó bà mí lẹ́rù jù nínú méjèèjì. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, mo fi orúkọ mi sí i. Wọ́n ti ní kí n padà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wọ́ọ̀dù láti ìbẹ̀rẹ̀, ó máa fi oṣù mẹ́fà fà mí sẹ́yìn lẹ́yìn àwọn ẹgbẹ́ mi. N kò bẹ̀bẹ̀, wọ́n sì gba orúkọ Ọ̀gá Ọṣẹ lọ́wọ́ mi láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ bẹ́ẹ̀.

Àná, mo lọ sí ìsọ̀ ìyá ọkọ yín. Mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń ṣa èédú wẹ́wẹ́ kúrò lára èyí tó tóbi. Aṣọ iṣẹ́ ló wà lọ́rùn mi, n kò dúró pààrọ̀ rẹ̀. Bí mo ṣe kúnlẹ̀ báyìí, wọ́n ké, wọ́n ní, “Dìde, dìde, aṣọ funfun rẹ!” N kò dìde. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún wọn láti orí òwú dé orí ìbọ̀wọ́. Mo sọ fún wọn pé èmi ni mo tọ́ka sí èékánná wọn, pé ẹ̀gbọ́n mi ì bá má sọ ọ̀rọ̀ yẹn bí n kò bá fi sí i lẹ́nu. Oníbàárà kan wá, wọ́n ní kó máa bọ̀ tó bá yá.

Mo retí kí wọ́n bú mi. Mo tilẹ̀ fẹ́ kí wọ́n bú mi. Ohun tí wọ́n sọ ni pé nígbà tí bàbá ọmọ wa wà ní ìkókó, kò sí ibi tí àwọn fi ọwọ́ kàn lára rẹ̀ tí kì í hàn: ìka márùn-ún dúdú lára aṣọ rẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀, lẹ́nu rẹ̀. Ojú àwọn rí i, ìdí nìyẹn tí àwọn fi kọ́ bí a ṣe ń fọ ọwọ́ títí omi rẹ̀ á fi mọ́ gaara. Wọ́n ní, “Tiyín ni kì í hàn, ọmọ mi. Ẹ̀yin lẹ wà nínú ewu.” Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá bi mí ní ìbéèrè kan tó fẹ́ pa mí níbi tí mo kúnlẹ̀ sí. Wọ́n ní, “Ṣé ó ti ń rẹ́rìn-ín?” Wọn ò mọ̀! Mo wá rò fún wọn ohun tí ẹ kọ sí mi nínú lẹ́tà tó kọjá, pé bí bàbá rẹ̀ bá ti sín, ṣe ni yóò bú sẹ́rìn-ín títí ìtọ́ á fi máa dà lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, wọ́n dì mí lápá mú, wọ́n ní kí n má sọ fún yín. Wọ́n ní ẹ̀bi náà ti mọ́ àwọn lára, pé ìyá kan náà ló bí èmi pẹ̀lú yín, pé bí ẹ bá gbọ́, ẹ lè má fojúure wò mí mọ́ títí ayé, ta ni yóò sì wá jẹ́ àǹtí fún ọmọ? Ẹ gbọ́ mi, ẹ̀gbọ́n mi. Obìnrin tí a lé bí ẹni lé ajá, òun ló ń wá bí n kò ṣe ní pàdánù yín. Mo rìn dé ilé kí n tó rí i pé ìka márùn-ún wọn wà lára apá aṣọ mi, dúdú kirikiri. N kò tíì fọ aṣọ náà.

Ṣùgbọ́n n kò lè ṣe bí wọ́n ṣe wí. Oṣù mẹ́ta ni mo fi jẹ́ kí ẹlòmíràn ru ẹrù mi láìmọ̀. Bí mo bá tún jẹ́ kí wọ́n rù ú di ọ̀la, mo ti mọ̀ báyìí, ìyẹn á wá di ìwà ìkà. Bí ẹ bá bínú sí mi, ẹ lẹ́tọ̀ọ́. Bí ẹ bá ní n kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ kan ọmọ yín mọ́, n ó gbà bí wọ́n ṣe gbà. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀ yín fún: ẹ jẹ́ kí bàbá ọmọ ka lẹ́tà yìí tán, kí ẹ̀yin méjèèjì sì gbé ọmọ lọ bá ìyá àgbà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó le jù lọ́jọ́ yẹn ti ẹnu yín jáde, ẹ̀gbọ́n mi, ṣùgbọ́n ẹnu mi ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó tún fi ọ̀sẹ̀ kan lé e.

Ọlọ́run tó dá ẹ̀mí ọmọ náà sí nígbà tí ọwọ́ mi ṣe é ní ibi, yóò dá a sí títí yóò fi di arúgbó tòótọ́, tí yóò sì ní ẹni tí yóò máa fajú ro mọ́. Ẹ ò ní fi ojú sunkún ọmọ. Ilé yín á tòrò, ọ̀rọ̀ àárín yín àti ìyá ọkọ yín á tún gún régé. Ẹ bá mi fi ẹnu ko ọmọ lẹ́sẹ̀, bí ẹ bá rò pé ó tọ́ sí mi.

Èmi ni àbúrò yín tó jẹ̀bi, tó sì nífẹ̀ẹ́ yín,
Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì tó ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Ọ̀rọ̀ tó kù: Mo ti ka lẹ́tà yìí sétí ìyá ọkọ yín kí n tó lẹ ẹnu rẹ̀ pọ̀, nítorí n kò fẹ́ tún sọ̀rọ̀ wọn lẹ́yìn mọ́. Wọ́n ní olórí kunkun ni mí, ṣùgbọ́n wọn ò gbà á lọ́wọ́ mi. Ibi tí ẹ rí tí mo fi yíǹkì pa rẹ́ ní ojú ewé tó ṣìkejì èyí tó gbẹ̀yìn, àwọn ló ní kí n pa á rẹ́. Ohun tí ojú wọn ṣe ni mo kọ síbẹ̀, nígbà tí mo sọ fún wọn pé ọmọ ti ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kí ẹ wá nítorí àánú. Wọ́n ní bí ẹ bá máa wá, kí ẹ sọ ọjọ́ ṣáájú, kí àwọn lè ti ìsọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí dúdú ẹ̀bá èékánná àwọn lè ṣí díẹ̀ kí ẹ tó gbé ọmọ lé àwọn lọ́wọ́.